Pákó arère, gọ́ọ̀mù awọ ewúrẹ́, aṣọ búlúù: bí mo ṣe kun ọwọ́ àdúrà ní ìlànà Dürer

Iṣẹ́ náà: ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà, pẹ̀lú apá aṣọ búlúù, lórí pákó sẹ̀ǹtímítà 40 nínú 30. Màmá kan nínú ìjọ wa ló gbé e fún mi, fún ògiri yàrá àdúrà wọn.

Ẹ ti rí ọwọ́ náà rí. Ó wà lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìwé ètò ìsìnkú, lẹ́yìn mọ́tò. Albrecht Dürer ló yà á ní ìlú Nuremberg ní Jámánì ní 1508. Búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ló lò, lórí bébà tí wọ́n ti kùn ní búlúù, bébà náà kò sì tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 29 nínú 20 lọ. Ó wà ní Albertina, ilé àkójọ àwòrán kan ní Vienna, báyìí. Dürer kò yà á pé kí ẹnikẹ́ni gbé e kọ́ sára ògiri. Ìgbáradì ni, fún ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì inú àwòrán pẹpẹ ńlá kan tí Jakob Heller, oníṣòwò aṣọ ní Frankfurt, gbé fún un. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nínú ìwàásù, pé ọwọ́ arákùnrin rẹ̀ tó lọ wa kùsà kí Dürer lè kọ́ṣẹ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn àbúrò rẹ̀, Endres di alágbẹ̀dẹ wúrà, Hans sì di ayàwòrán bíi tirẹ̀.

Àwọn lẹ́tà tí Dürer kọ sí Heller láàárín 1507 sí 1509 ni mo fi ṣe atọ́nà. Kò fi wọ́n kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Owó ni òun àti Heller ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jà fún owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò ka gbogbo ohun tó ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì ń wá gan-an nìyẹn.

1. Pákó

Ní 1507, Dürer kọ̀wé pé òun ti gba pákó lọ́wọ́ káfíńtà, òun sì ti sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú òun, ọkùnrin náà kò tó ẹni tí à ń san iye bẹ́ẹ̀ fún. Ó wá gbé e lọ fún ẹlòmíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kí ó kun pákó ní funfun, kí ó sì lẹ wúrà sí ibi tó yẹ. Èèyàn méjì ti jẹun lára iṣẹ́ náà kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ará Flanders ń lo igi óòkù tó ń ti etí òkun Baltic wá, àwọn ará Ítálì ń lo pópúlà. Èmi lo arère. Ìrókò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́, àmọ́ ìrókò ní oje kan nínú tó máa ń dá òróró dúró kí ó má gbẹ. Arère fúyẹ́, kì í yí púpọ̀, ó sì rọrùn láti fá. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: bí wọn kò bá tètè gbẹ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n là á, ó máa ń ní àbàwọ́n dúdú. Mo gba ègé kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tí ojú igi rẹ̀ tọ́, ní ₦6,000. Mo fi sí abẹ́ àjà títí ó fi gbẹ dáadáa, mo sì fá a níhà méjèèjì.

2. Gọ́ọ̀mù

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kan ìlù. Àjákù awọ ewúrẹ́ tí wọ́n gé kúrò lára awọ dùndún kún ilẹ̀ ìsọ̀ wọn. Wọn kò fẹ́ gbowó, mo kàn fi ₦1,000 dúpẹ́. Àjákù awọ ewúrẹ́ náà wà lára ohun tí àwọn ayàwòrán Ítálì fi ń se gọ́ọ̀mù tiwọn, nítorí náà n kò wá nǹkan mìíràn lọ.

Gíráàmù 100 awọ, omi lítà kan àbọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó hó. Tèmi hó ní ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé mo lọ gba ìpè. Gọ́ọ̀mù tó bá ti hó kì í ní agbára mọ́, mo sì ní láti tún òmíràn sè. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le bí ẹ̀kọ tútù, ẹ bù omi sí i. Ó yẹ kí ó dì, ṣùgbọ́n kí ìka lè là á láìfi agbára ṣe. Lásìkò òjò, ó máa ń rùn láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tí ẹ máa lò ni kí ẹ sè.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù náà, nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, pa pákó níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ẹ̀yìn, pákó á sì ká.

3. Ilẹ̀ funfun

Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, ni wọ́n ń pò mọ́ gọ́ọ̀mù ní Jámánì. Ní Ítálì, jípúsọ́ọ̀mù ni. Mo kọ́kọ́ dán ẹfun ọjà wò lórí pákó kékeré kan, ó sán káàkiri kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé amọ̀ funfun ni ẹfun tiwa. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni calcium tí àwọn tó ń po ọ̀dà ilé ń rà ní kílò. Kílò 2, ₦1,500. Ẹ kù ú sínú gọ́ọ̀mù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má rò ó kíkankíkan kí ó má baà hó ìfófòó, torí pé ìfófòó á di ihò ṣóńṣóńṣó lórí pákó. Ìkùn 8 ni mo ṣe, ọ̀kan ní gígùn, èkejì ní ìbú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ìkùn òkè lágbára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkè á fa ìsàlẹ̀ ya. Lẹ́yìn náà, sáńpépà 220, lẹ́yìn rẹ̀ 400, títí ojú pákó fi dán.

4. Ìlà

Mo ya ọwọ́ náà sórí bébà ní ìwọ̀n tí mo fẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ gún ojú ìlà rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo sì fi àpò aṣọ tí mo di ìyẹ̀fun èédú sí nínú lù ú. Èédú gba inú ihò wọlé, ó fi àmì sílẹ̀. Ọgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ Ítálì nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí ọmọṣẹ́ lè gbé àwòrán ọ̀gá lọ sórí pákó láì bà á jẹ́. Mo fi tàdáwà so àmì pọ̀, mo gbọn èédú nù.

Dürer ní òun fi àwọ̀ méjì tó dára bo pákó náà kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Èmi fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti funfun díẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀pa tí mo ti sẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ funfun máa ń mu òróró; bí ẹ kò bá dí i báyìí, yóò mu gbogbo ọ̀dà yín, àwọ̀ á sì kú.

5. Òróró

Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà dán an wò. Wọn kì í gbẹ. Òróró tó yẹ fún ìkùn kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ: afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di awọ líle, àwọn òróró kan péré ló sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Linseed, ìyẹn òróró èso ọ̀gbọ̀, wà lára wọn. Òróró walnut wà lára wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán Ítálì fẹ́ràn fún funfun àti búlúù nítorí pé kì í tètè pọ́n.

Àsálà tiwa náà máa ń gbẹ. Ìtàkùn rẹ̀ kì í ṣe ìbátan walnut àwọn òyìnbó rárá, àmọ́ òróró rẹ̀ ń gbẹ kíákíá bíi linseed. Mo ra tútù ₦5,000, mo pa á, mo sá a, mo gún un, mo yọ́ ọ díẹ̀, mo sì fi aṣọ fún un. Ìgò òògùn ikọ́ kan kò kún. Mo fi í kan gíláàsì méjì, mo gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé, mo ti èkejì sínú dúrọ́ọ̀. Méjèèjì gbẹ. Tinú dúrọ́ọ̀ pọ́n. Nítorí náà, àsálà wà fún àwọn ìkùn ìsàlẹ̀, mo sì ra ìgò walnut kékeré kan ní ₦12,000 fún òkè.

6. Búlúù

Ibí ni iṣẹ́ ti gbóná.

Búlúù tí Dürer ń sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Heller ni ultramarine, tí wọ́n ń lọ̀ láti inú òkúta lapis lazuli tó ń ti Badakhshan ní Afghanistan wá. Nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí Antwerp láàárín 1520 sí 1521, àwọn àwòrán rẹ̀ tí owó wọn tó ducat 12, ìyẹn owó wúrà ayé ìgbà náà, ló fi gba ounce kan péré. Lílọ̀ òkúta náà nìkan kò tó. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ lásán, eérú ni yóò jọ. Wọ́n á pò ó mọ́ oje igi páìnì àti ìda, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi eérú títí búlúù yóò fi já bọ́ sínú omi, tí ìdọ̀tí á sì kù sínú ìda. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde ló dára jù. Cennino Cennini, ayàwòrán ará Ítálì tó kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, ní àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mọ iṣẹ́ yìí ṣe ju ọkùnrin lọ, nítorí pé wọ́n wà nílé, ọwọ́ wọn sì rọ̀. Ó wá fi kún un pé kí èèyàn ṣọ́ra fún àwọn arúgbó obìnrin. Mo ka èyí fún ọmọṣẹ́ mi. Ó ní kí bàbá náà wá lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Owó lapis kò sí. Ṣùgbọ́n láàárín 1826 sí 1828, Jean-Baptiste Guimet ní ilẹ̀ Faransé rí ọ̀nà láti ṣe ultramarine nínú ààrò, pẹ̀lú amọ̀ funfun, sódà àti imí ọjọ́. Láti ìgbà náà ló ti di nǹkan olówó pọ́ọ́kú, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe búlúù tí àwọn ìyá wa ń sọ sínú omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ funfun. Ẹ wo irun ọ̀pọ̀ ère ìbejì àtijọ́: búlúù yẹn náà ni. Mo wá ní, ó dáa, bí ó bá tó fún orí ìbejì, yóò tó fún apá aṣọ àpọ́sítélì.

Mo ra ti ₦1,200, mo lọ̀ ọ́, mo da òróró sí i. Ó di ẹrẹ̀. Sódà tí wọ́n pò mọ́ ọn ló fà á. Mo dà á nù, mo sì ra òmíràn ní ₦1,200. Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí:

Ẹ gún un kúná, ẹ dà á sínú ike pẹ̀lú omi gbígbóná púpọ̀, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀ mọ́jú. Sódà á yọ́ sínú omi, búlúù á wà nísàlẹ̀. Ẹ rọra da omi òkè nù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí omi òkè kò fi ní yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ sá a sórí bébà nínú òjìji. Ohun tó kù kò tó ìdajì ohun tí ẹ rà, ṣùgbọ́n ó tàn ju ti àkọ́kọ́ lọ gan-an.

Lílọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òróró: ègé táìlì gíránáìtì ni mo fi ṣe ọlọ, ìdí gíláàsì tó nípọn ni mo fi ṣe ọmọ ọlọ. Ẹ má lo ọlọ ata, bí ẹ fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la. Ẹ kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀, díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ultramarine máa ń dà bíi pé ó ti gbẹ títí ó fi máa tú lójijì, tí yóò sì máa fà lára búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọṣẹ́ mi ló lọ èyí tó pọ̀ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, apá ń ro mí." Mo sọ fún un pé nígbà tí Dürer ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Michael Wolgemut, láti 1486 fún ọdún mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú òun rí màbo lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gá òun. Kò tù ú nínú. Mo gba ọmọ ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀.

7. Ìkùn aṣọ náà

Dürer sọ fún Heller pé òun yóò fi búlúù tó dára jù kun àárín àwòrán náà lábẹ́, lókè àti ní ìparí, tó ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, àti pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Àwọn ọmọṣẹ́ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ apá ìlẹ̀kùn pẹpẹ náà. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe pín in: ibi tí oníbàárà yóò máa wò ni ọ̀gá ń kùn.

Ìkùn kìíní tèmi: funfun àti búlúù fíìrì pẹ̀lú òróró díẹ̀ gan-an, láti fi ya ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà àti ibi tí òjìji wà nínú ìṣẹ́po aṣọ. (Òjé ni wọ́n fi ń ṣe funfun ayé ọjọ́un. Májèlé ni, titanium ni mo lò.) Ìkùn kejì: búlúù nìkan sínú òjìji. Títí dé ibẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ìkùn kẹta ni mo fi òróró púpọ̀ sí, mo sì kùn ún nípọn nítorí pé Màmá ti pè mí. Ojú rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ tutù, ó sì hunjọ láàárín ìṣẹ́po méjì. Ọ̀bẹ ni mo fi ha á dé orí ìkùn kejì.

Àtúnṣe náà: ìkùn òkè gbọ́dọ̀ ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àmọ́ kí ó fẹ́lẹ́. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ búlúù, lẹ́yìn náà mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ péré. Tí mo bá fi ẹ̀yìn èékánná kàn án tí kò sì fà, mo ń gbé ìkùn mìíràn lé e. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú búlúù kọjá, ó ń kan funfun ìsàlẹ̀, ó ń padà wá. Ní ìkùn karùn-ún, ìṣẹ́po tó wà nítòsí ọrùn ọwọ́ jinlẹ̀ débi pé ọmọṣẹ́ mi fi ìka wá a bóyá pákó ni mo gbẹ́. Bí ẹ bá fi búlúù tó nípọn kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dúdú ni yóò kàn ṣe.

Màmá tún pè. "Ọmọ mi, ṣé ọwọ́ yẹn lò ń yà ni àbí ò ń gbìn ín?"

"Ẹ má bínú, Mà. Òróró ni kò tíì gbẹ."

"Òróró wo ni kì í gbẹ láti Àjíǹde?"

8. Ọwọ́

Èyí yá. Ilẹ̀pa fún òjìji, ilẹ̀ ofeefee àti funfun fún ìmọ́lẹ̀, búlúù díẹ̀ sí ibi tí awọ ti tinrín lórí iṣan. Awọ dúdú ni mo kùn, ọwọ́ èèyàn tiwa, pẹ̀lú èékánná tó funfun díẹ̀. Ẹ wo ìka kékeré Dürer dáadáa kí ẹ tó yà á: àwọn ìka náà kò bára wọn mu tán, àyè sì wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá pa àyè yẹn dé, àwòrán á kú.

9. Owó

Pákó ₦6,000, awọ ₦1,000, calcium ₦1,500, búlúù ẹ̀ẹ̀mejì ₦2,400, àsálà ₦5,000, walnut ₦12,000, funfun àti àwọn àwọ̀ onítúùbù ₦14,000, búrọ́ọ̀ṣì ₦7,000. Àpapọ̀ ₦48,900. ₦70,000 ni mo ti bá Màmá ná an kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ yọ ọ́, ẹ wo ohun tó kù fún ìdúró, fún lílọ̀ àti fún ọkọ̀ ọmọṣẹ́.

Dürer náà gbà láti ṣe ti Heller ní guilder 130, ìyẹn owó ayé ìgbà náà. Nígbà tó rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń jẹ àsìkò, ó béèrè 200. Heller bínú, lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, ó sì san 200 nígbẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ìyàwó Dürer, ó sì fún Hans àbúrò rẹ̀ ní guilder 2. Síbẹ̀ Dürer ní irú ìkùn fínnífínní bẹ́ẹ̀ kò mówó wọlé, pé ká ní òun ti gbájú mọ́ àwòrán títẹ̀ lórí bébà ni, òun ìbá fi guilder 1,000 lówó ju bí òun ṣe wà lọ. Ó ṣèlérí fún Heller pé àwòrán náà á mọ́ rekete fún ọdún 500 bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Iná jó o ní Munich ní 1729. Ẹ̀dà rẹ̀ tí Jobst Harrich kùn ló wà ní Frankfurt báyìí.

Èmi kò ní ìgboyà láti béèrè àfikún. Mo sọ iye tí nǹkan ná mi fún Màmá, wọ́n kàn ní "Ẹ̀hẹ́n", wọ́n sì kó ₦5,000 sínú àpòòwé fún ọmọṣẹ́ mi.

10. Fáníìṣì

Kò tíì sí lórí rẹ̀. Dürer ní òun yóò wá láàárín ọdún kan sí mẹ́ta láti fi fáníìṣì kun ti Heller, kí Heller sì má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi tiwọn kùn ún nítorí pé ti gbogbo wọn pọ́n. Bí ẹ bá fi fáníìṣì bo òróró tí inú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó máa sán. N ó padà lọ wò ó lẹ́yìn ọdún kan.

Dürer tún kìlọ̀ fún Heller pé kí wọ́n má ṣe wọ́n omi mímọ́ sí i. Ohun tí mo sọ fún Màmá ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òróró ìyàsímímọ́ pa á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ya yàrá náà sí mímọ́, torí pé òróró ólífì kì í gbẹ láéláé, gbogbo eruku àdúgbò ni yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn máa sọ fún pásítọ̀ kí ó fi pa ẹnu ọ̀nà dípò.